Ọmọ Yín, Kóòṣì, àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Kóòṣì

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Texas. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wọlé, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Houston ló máa ń wà tí wọ́n bá gba ìsinmi. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá. Kóòṣì yunifásítì kan ti wá bá wọn nílé, ó ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́, àti owó lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí òfin ti yí padà. Àbúrò ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń san owó fún àwọn ọmọ, màgòmágó ti tán, àti pé ìjọba Amẹ́ríkà ló ń darí gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọmọ kan kú lẹ́nu ìdánrawò, mo sì tún gbọ́ pé wọ́n máa ń lé àwọn ọmọ. Sà, bí wọ́n bá rẹ́ ọmọ mi jẹ, ta ni mo máa fẹjọ́ sùn?”

Ẹ kú àníyàn ọmọ o, mà. Olúwa á bá yín dá a sí. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ fi ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù sí. Ọdún 16 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá ní yunifásítì kan níbẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn òbí tó jókòó níwájú mi kò lóǹkà. Wọ́n á béèrè iye owó, wọ́n á béèrè bí yàrá ọmọ ṣe rí, wọ́n á béèrè oúnjẹ. Àwọn tó béèrè pé ta ni àwọn máa fẹjọ́ sùn bí nǹkan bá dàrú kò pé mẹ́wàá. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dúró ti ọmọ yín lọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá tọ́ka sí fún yín, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ dá sílẹ̀ ló ń san owó oṣù rẹ̀. Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ ló gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ọwọ́ yín lè tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín. Ìjọba kọ́ ló ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà. NCAA tó ń darí rẹ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ ni. Àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, àwọn náà ló ń dìbò níbẹ̀, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń ní ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n lé ní 1,000. Ikú àwọn ọmọ ló bí ẹgbẹ́ náà. Ní 1905, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń fi ara kọ lu ara, ń kú lórí pápá débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt ránṣẹ́ pe Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House. Ní 1906 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní 1910 wọ́n sọ ọ́ ní NCAA. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ní 2013, nígbà tí ẹbí Derek Sheely pe ẹjọ́, ọmọ tó kú ní 2011 lẹ́yìn tó fi orí gbá níbi ìdánrawò ní Frostburg State, ohun tí NCAA kọ sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ sí ilé ẹjọ́ ni pé kò sí òfin tó gbé ojúṣe dídáàbò bo àwọn eléré lé òun lọ́rùn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n torí ikú ọmọ dá sílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lára mi títí di òní.

Kóòṣì yẹn á ti pe ọmọ yín ní “student-athlete”, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá. Orúkọ a máa ro ọmọ, èyí sì ti ro ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní 1955, Ray Dennison, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì Fort Lewis A&M ní Colorado, kú nínú eré. Ìyàwó rẹ̀ béèrè owó tí òfin ní kí wọ́n máa san fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Colorado dá a pé kì í ṣe òṣìṣẹ́, wọn ò sì fún un ní kọ́bọ̀. Irú ẹjọ́ báyìí ló mú kí Walter Byers, tó darí NCAA fún ọdún tó lé ní 30, tẹ orúkọ náà mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, kí wọ́n má baà máa pe àwọn ọmọ ní òṣìṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, Byers fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì kábàámọ̀ ohun tí òun bá wọn kọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó tẹlifíṣọ̀n dé. Títí di 1984, NCAA nìkan ló ní àṣẹ lórí bọ́ọ̀lù tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láti tà á fúnra wọn. Ní 2022, Big Ten, ọ̀kan nínú àwọn àgbájọ bẹ́ẹ̀, ṣe àdéhùn tẹlifíṣọ̀n ọdún 7 tó ju bílíọ̀nù 7 dọ́là lọ. Ní Texas tí ọmọ yín wà yẹn, yunifásítì ìjọba kan, Texas A&M, dá kóòṣì rẹ̀ dúró ní 2023. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ kó tó lè máa lọ ju mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ. Torí tẹlifíṣọ̀n náà ni Pac-12, àgbájọ tó ti wà láti 1915, ṣe fọ́ yángá. Mẹ́wàá nínú méjìlá ló kó lọ. UCLA tó wà ní Los Angeles, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, ti wà nínú àgbájọ kan náà báyìí pẹ̀lú Rutgers tó wà ní New Jersey, létí òkun kejì. Ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá fún UCLA á wọ ọkọ̀ òfurufú wákàtí márùn-ún láti lọ gbá eré kan, á padà dé, á sì jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn tó jókòó ṣe ìpinnu yẹn mọ iye tí tẹlifíṣọ̀n máa san. Wọn ò bi àwọn tó máa wọ ọkọ̀ náà léèrè nǹkan kan.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ owó tí àbúrò ọkọ yín sọ, mi ò ní fi dù ú. Ní June 21, 2021, adájọ́ mẹ́sàn-án ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn kan dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston, èyí tí àwọn eléré pè lórí gbèdéke ohun tí wọ́n lè gbà, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Brett Kavanaugh, sì kọ ọ́ pé NCAA kò ga ju òfin lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, July 1, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ láti máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní NIL. Ẹ rántí Arike Ogunbowale, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 2018, ó ju bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n nígbà tí aago ku ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó sì gba ife fún yunifásítì Notre Dame. Gbogbo Amẹ́ríkà ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Kó tó lè kópa nínú ìdíje ijó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di dandan kí NCAA kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún un. Ìyẹn ti kọjá. Ní June 6, 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí ìparí ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House: wọ́n máa san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tó ti gbá kọjá, fún ọdún 10, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì lè san tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré wọn ní sáà 2025 sí 2026. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mà. “Lè” ni wọ́n kọ, wọn ò kọ “gbọ́dọ̀”. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá fẹ́ san, kò san. Níbi tí wọ́n bá ti ń san án, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ń pín ìyókù. Àwọn obìnrin eléré kan ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nítorí bí wọ́n ṣe pín owó ẹ̀yìn náà.

Ṣé màgòmágó wá tán? Rárá o, ó pààrọ̀ aṣọ ni. Kí owó tó di ohun tí wọ́n ń gbà ní gbangba, abẹ́ tábìlì ló ń gbà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà ti burú jù: ní September 2017, ìjọba àpapọ̀ mú ọkùnrin mẹ́wàá, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ igbákejì kóòṣì, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi owó fa àwọn ọmọ àti ẹbí wọn. Lónìí, àdéhùn tó wà nínú ìwé ló lè jẹni run. Gervon Dexter ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Florida ní 2022 nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fún un ní 436,485 dọ́là. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò, ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, á máa san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, fún wọn fún ọdún 25, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bó bá gba mílíọ̀nù 10 dọ́là, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ti di tiwọn, owó orí gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wọ NFL ní 2023, ọdún náà ló gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni Matthew Sluka, tó fi UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, sílẹ̀ ní September 2024 lẹ́yìn eré mẹ́ta péré. Àwọn tirẹ̀ ní igbákejì kóòṣì kan ṣèlérí 100,000 dọ́là fún un, ilé ẹ̀kọ́ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni a ò lè bi afẹ́fẹ́ léèrè.

Lẹ́yìn ẹjọ́ House, wọ́n dá àjọ tuntun kan sílẹ̀, College Sports Commission, láti máa yẹ àdéhùn tó bá ju 600 dọ́là lọ wò, kí wọ́n sì máa ṣọ́ iye tí ilé ẹ̀kọ́ ń san. Ẹni tó ń darí rẹ̀, Bryan Seeley, wá láti ibi bọ́ọ̀lù onígi àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ibi tó ti ń ṣèwádìí ìwà àìtọ́. Mi ò ní nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbájọ mẹ́rin tó lówó jù, ACC, Big Ten, Big 12 àti SEC, ló dá àjọ náà sílẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ wo àdúgbò tí ilé mẹ́rin dá owó gba ọdẹ, tó sì jẹ́ pé inú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni wọ́n ti ń fura sí olè. Ọdẹ náà lè jẹ́ ọmọlúàbí, kó máa fọn fèrè ní gbogbo òru. Lọ́jọ́ tó bá rí ẹrù olè ní yàrá ẹni tó ń san owó rẹ̀, kí ni kó ṣe?

Mo mọ bó ṣe ń rí nítorí pé èmi náà gba owó ọdẹ. Ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ mi ní ọdún kejì rẹ̀, ọmọ wa ni, láti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iṣẹ́ afárá àti ọ̀nà ló wá kọ́. Ó ti fi bíró aláwọ̀ búlúù kọ tímùtábù rẹ̀ sórí ìwé kan, ó fa ìlà sí i dáadáa bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Láàbù rẹ̀ jẹ́ Tuesday àti Thursday, aago méjì sí márùn-ún. Ìdánrawò ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ààbọ̀. Kóòṣì kò pàṣẹ fún mi, kò tiẹ̀ pè mí. Mo ṣáà mọ̀ pé ọmọ tí kò bá wà níbi ìdánrawò kò ní gbá eré, mo sì mọ ẹni tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ mi lọ́dọọdún. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà gba orí láàbù náà. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Ó dáa, sà.” Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí nígbà tó parí, ìwé ẹ̀kọ́ gbogbogbòò tí kò sí agbanisíṣẹ́ tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n kà á mọ́ àwọn tó yege, wọ́n sì yìn wá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n afárá tí kò kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn òfin kan wà tó yẹ kó dènà èyí. NCAA ní eré kò gbọ́dọ̀ gbà ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ní àsìkò ìdíje, wákàtí 4 lóòjọ́. Àmọ́ wọn kì í ka ìrìn àjò mọ́ ọn, wọn kì í ka àkókò ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dun ọmọ, ọjọ́ eré látàárọ̀ ṣúlẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 3 nínú ìṣirò wọn. Ní yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, fún ọdún 18, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 3,100 lọ ló wọ kíláàsì tí kò sí olùkọ́ níwájú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ eléré. Ìwádìí tó tú u síta ní 2014 kò fi nǹkan kan bò. Ní 2017, NCAA ní òun kò rí òfin òun tó tako o, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe eléré náà lè wọ kíláàsì ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ tí kò sí ti wá di ẹ̀tọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ló lè gbà á.

Ọmọ tí ẹ gbọ́ pé ó kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jordan McNair ti yunifásítì Maryland. Ọmọ ọdún 19 ni. Ní May 29, 2018, ooru mú un níbi tí wọ́n ti ń sáré. Wọn ò wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọn ò gbé e sínú omi tútù, ó sì ju wákàtí kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó pe ọkọ̀ ìlera. Ó kú ní June 13. Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e: ní October 30, ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní kí kóòṣì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ àti ará ìlú fárí gá, olórí yunifásítì náà, Wallace Loh, lé e. Ọdún méjì ṣáájú ikú yẹn ni àwọn àgbájọ ńlá, títí kan èyí tí Maryland wà nínú rẹ̀, ti ṣòfin pé dókítà àti olùtọ́jú eléré ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹ́yìn lórí ìlera, pé kóòṣì kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Òfin wà. Ẹni tó máa wọlé wá wò bóyá wọ́n ń pa á mọ́ ni kò sí. Ọwọ́ epo làráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ń kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù.

Ti lílé tí wọ́n ń lé ọmọ, wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ èyí tó dára náà. Láti August 2024, ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà ní Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA, kò gbọ́dọ̀ gba sikọ́láṣípù lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó farapa tàbí nítorí pé kò gbá dáadáa mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà ìtọ́jú ìpalára eré fún ọdún méjì lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀. Ibi tí àlàfo wà nìyí: kóòṣì á pe ọmọ wọ ọ́fíìsì, á ní, “Mi ò rí àyè fún ẹ lọ́dún tó ń bọ̀, fi orúkọ sílẹ̀ kó o wá ibòmíì lọ.” Orí kọ̀ǹpútà ni ìwé orúkọ náà wà, wọ́n ń pè é ní “transfer portal”. Ọmọ tí wọ́n ti já láyà bẹ́ẹ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti di ẹni tó fẹ́ lọ, ilé ẹ̀kọ́ sì lè dá owó dúró tí sáà bá parí. Kò sẹ́ni tó lé e nínú ìwé. Fún ọmọ tí físà rẹ̀ so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan pàtó, bí kò bá tètè rí ibòmíì, ọ̀rọ̀ ìrìnnà ti wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Físà yẹn náà ni kó jẹ́ kí ẹ rọra gba ìlérí owó. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, kò gbà kí ọmọ ṣiṣẹ́ lóde ọgbà láìgba àṣẹ, nínú ọgbà pàápàá kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Òfin NCAA tó yí padà kò yí èyí padà. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó jẹ́ àgbà nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Kentucky, dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn rin ìrìn àjò lọ sí Bahamas ní August 2022 kó tó ya àwọn fọ́tò tó máa mú owó wọlé, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́yà kì í ṣe mí, mà, ọ̀rọ̀ físà sì ju ohun tí mo lè fi ìrírí dáhùn lọ. Lọ́yà tó mọ òfin ìwọlé-wọ̀de ni kó ka àdéhùn náà, kì í ṣe lọ́yà ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ti ejẹ́ńtì.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n ṣe sí ètò náà? Charlie Baker tó ń darí NCAA láti 2023 fẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣòfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n máa pe NCAA lẹ́jọ́ lórí òfin owó mọ́, kó sì sọ pé eléré kì í ṣe òṣìṣẹ́. Mo mọ ohun tó ń sá fún. Ẹjọ́ lórí ẹjọ́ ti jẹ́ kí òfin máa yí lóṣooṣù, kò sì sí ilé tó ń dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tó ti mú wọn yí padà jù, bí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí ni wọ́n fẹ́ fún wọn dípò rẹ̀? Ọ̀nà kejì ni kí àwọn ọmọ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ti yunifásítì Northwestern gbìyànjú rẹ̀ ní 2014, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò dá sí i. Ní March 2024, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Dartmouth dìbò 13 sí 2 láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ọdún tó parí wọ́n ti yọwọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi wà. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní NBA náà ní gbèdéke lórí owó, ṣùgbọ́n àwọn eléré fúnra wọn ló jókòó, tí wọ́n jiyàn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mílíọ̀nù 20.5 yẹn, kò sí ẹgbẹ́ eléré kankan tó jókòó fi ẹnu kò sí i. Síbẹ̀ mi ò ní tàn yín: ọjọ́ tí wọ́n bá pe eléré ní òṣìṣẹ́, wákàtí 20 ti físà F-1 á di ọ̀rọ̀ fún irú ọmọ yín, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké á sì pa eré tí kì í mú owó wọlé rẹ́, àwọn asáré, àwọn olùwẹ̀. Ibi tí mi ò ti ní yẹ̀ ni ìlera àti ẹ̀kọ́. Kí dókítà àti ẹni tó ń to tímùtábù kúrò lábẹ́ ẹ̀ka eré, kí àjọ tí kì í gba owó lọ́wọ́ àgbájọ kankan máa yẹ̀ wọ́n wò, kó lágbára láti ti pápá pa. Ká ní irú rẹ̀ wà nígbà tèmi, pẹ́ńsù yẹn ì bá má kan láàbù ọmọ ọlọ́mọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má jẹ́ kó lọ. Hakeem Olajuwon kúrò ní Èkó lọ sí yunifásítì Houston ní 1980, Tobi Amusan ti Ìjẹ̀bú-Òde gba yunifásítì tó wà ní El Paso, ní Texas, kọjá kó tó di ẹni tó sáré ju gbogbo ayé lọ lórí 100 mítà onífò ní 2022. Ọ̀nà náà ń gbé ènìyàn débi rere. NCAA fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò tó 2 nínú 100, nítorí náà ìwé tó máa kà ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí ohun gbogbo tí kóòṣì bá ṣèlérí wà nínú ìwé: ọdún mélòó, ta ló ń san ti ìtọ́jú àti fún ìgbà wo, ṣé ọmọ máa dá owó padà bó bá lọ kí àkókò tó pé, nítorí irú gbólóhùn yẹn ti ń wọ inú àwọn àdéhùn tuntun. Ẹni tí ẹ máa fẹjọ́ sùn, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ inú NCAA gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní “faculty athletics representative”. Olórí yunifásítì ló ń yàn án, kì í ṣe kóòṣì, òun ló sì sún mọ́ adájọ́ tí kò sí lábẹ́ pápá jù lọ. Kí ọmọ yín lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó mọ ojú rẹ̀. Kí ó mọ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè náà, kó má sì fọwọ́ kan “portal” yẹn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́nu ìdánrawò, kí ó jókòó, kó sì ní kí wọ́n pe 911, ẹnikẹ́ni tí ì báà máa pariwo.

Nígbà tí kóòṣì bá tún wá sí Houston, kí àbúrò ọkọ yín gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ wà níbẹ̀ láti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé nínú àwọn ọmọ tí ó kó wọlé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mélòó ló ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kà. Kí ẹ wá ní kó fún yín ní nọ́ńbà òbí méjì, nínú àwọn tí ọmọ wọn ti kúrò níbẹ̀.